Ìbọn ni tàbí agolo ata? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí igbó béárì

Ọmọ Ọdẹ Ìjẹ̀bú-Igbó
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọdún Iléyá o. Ilé ni mo ṣì wà, Ojúde Ọba ló gbé mi wá. Tí mo bá padà sí Calgary ní Kánádà, èmi àtàwọn ará ibi iṣẹ́ mi fẹ́ fẹsẹ̀ rin inú òkè Rockies, a ó sì sun inú igbó. Bàbá mi tó ti ń ṣọdẹ láti kékeré gbọ́ pé béárì wà níbẹ̀, wọ́n ní ìbọn ni kí n rà, kò sí ọ̀rọ̀ míì. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ní agolo ata tí wọ́n ń fín ló dáa jù. Èwo ni kí n mú? Owó kọ́ ni mò ń rò, ẹ̀mí ni.

Àǹtí Canmore
Àbúrò mi, kú ọdún o. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà jẹ́ kí n fara balẹ̀ dá ẹ lóhùn.

Òfin ni kí á kọ́kọ́ wò. Tó bá jẹ́ Banff, ọgbà igbó ìjọba tó wà nínú òkè Rockies, lẹ ń lọ, ẹni tó ń rìnrìn afẹ́ kò láṣẹ láti gbé ìbọn kọ́ èjìká níbẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ ní tiẹ̀, láti oṣù kẹwàá 2022 ni ìjọba Kánádà ti dá títà àti ríra rẹ̀ dúró fún aráàlú.

Níbi tí òfin ti gba ìbọn pàápàá, bí Alaska ní Amẹ́ríkà, agolo ata ni mo máa mú. Nínú ìwádìí tó jáde ní 2008, àwọn onímọ̀ nípa béárì, Tom Smith, Stephen Herrero àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, yẹ ìṣẹ̀lẹ̀ tó wáyé ní Alaska láàárín 1985 sí 2006 wò. Nígbà tí wọ́n fín ata sí béárì aláwọ̀ ilẹ̀, ìgbà 92 nínú 100 ló jáwọ́. Nínú 100 ẹni tó gbé ata dání tí béárì sún mọ́ wọn, 98 ni kò fara pa. Nígbà tí wọ́n wo ti ìbọn ní 2012, ìbọn ìléwọ́ ṣiṣẹ́ ní ìgbà 84 nínú 100, ìbọn gígùn 76. Ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì ò rí bákan náà, kí á má kàn fi nọ́ńbà ṣe ìdíje. Àmọ́ béárì lè sáré ju 50 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Kí o tó gbé ìbọn, kí o tó fojú sùn ún, ó ti dé. Ata ní tiẹ̀ máa ń tú bí èéfín, kò dìgbà tí o bá sun ojú kan pàtó. Bàbá náà á mọ̀ pé ẹran tí ọta bà tí kò kú ló léwu jù nínú igbó.

Tí o bá fẹ́ rà á, kí wọ́n kọ béárì sí i lára gbangba. Kékeré tí wọ́n ń fín sí èèyàn kò bófin mu ní Kánádà. Èyí tó wọn gíráàmù 225 ló kéré jù, mo fẹ́ràn 325. Wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́, torí agbára tó ń ti ata jáde máa ń dínkù pẹ̀lú ọdún. Ìgbànú tàbí àyà ni o máa so ó mọ́, kì í ṣe inú àpò ẹ̀yìn. Ike kékeré kan wà lórí rẹ̀ tó ń dè é: fi àtàǹpàkò kọ́ etí ike yẹn, fà á sọ́dọ̀ ara rẹ, ó máa yọ. Nígbà tí béárì bá kù bíi mítà 8 sí 9, tẹ̀ ẹ́, kí o kọjú agolo sísàlẹ̀ díẹ̀ sí iwájú béárì kó lè fúnra rẹ̀ wọnú ata náà. Wọ́n ń ta agolo tí kò ní ata nínú fún ìdánrawò. Rà á, kí o fi dánra wò títí ọwọ́ rẹ á fi mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Ọdẹ Ìjẹ̀bú-Igbó
Ẹ ṣé gan-an, àǹtí mi. Mo kà á fún Bàbá. Wọ́n ní, tí afẹ́fẹ́ bá wá ń fẹ́ bọ̀ lójú wa ńkọ́?

Àǹtí Canmore
Bàbá, ẹ ṣeun, ìbéèrè ọdẹ gidi lẹ bi. Nínú ìwádìí 2008 yẹn, afẹ́fẹ́ dí ata lọ́wọ́ ní bíi ìgbà 7 nínú 100, síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ ló dé ara béárì. Kí ọmọ yín jẹ́ kí béárì sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i kó tó tẹ agolo. Ata á kan òun náà lójú, àmọ́ ojú tó ń ta sàn ju èékánná lọ.

Ọmọ Ṣàgámù
Má gbé e wọ bàálù o! Àpò ọwọ́ ni o, ẹrù abẹ́ bàálù ni o, wọn ò gbà á. Ibi tí o bá balẹ̀ sí ni kí o ti rà á. Òfin ọgbà kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀: Yosemite ní Kalifóníà kò fàyè gba agolo ata yìí rárá.

Ìyá Ìbejì Edmonton
Gbogbo èyí dáa, ṣùgbọ́n ata ni ìgbẹ̀yìn. Òórùn oúnjẹ ló ń pe béárì wá. Mo mọ̀ pé wàá ra ẹja gbígbẹ àti ata díndín ní Òkè-Ajé, gààrì Ìjẹ̀bú náà ò ní gbẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ ni kó wọnú agolo onídèérí líle tí béárì kò lè ṣí, tàbí kí ẹ so ó kọ́ sókè, ó kéré tán mítà 4 sílẹ̀. Ọṣẹ ìfọyín àti òrí tí ò ń fi para náà kó wọ ibẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti dáná kó jìnnà tó mítà 100 síbi tí ẹ máa sùn, kí o sì bọ́ aṣọ tí o fi din ẹja kí o tó wọnú àgọ́. Má sì fín ata náà sára àgọ́ bí ẹni fín oògùn ẹ̀fọn. Tó bá gbẹ, òórùn rẹ̀ ló ń fa béárì.

Ọmọ Ọdẹ Ìjẹ̀bú-Igbó
Hàà, mi ò mọ̀ yẹn. Tí a bá wá pàdé rẹ̀ ńkọ́?

Àǹtí Canmore
Má sáré. Sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, máa fẹ̀yìn rìn, kí ọwọ́ rẹ wà lórí agolo. Tí ata kò bá dá a dúró, tí ìyá béárì ọlọ́mọ tí ẹ já lù lójijì bá wá gbá ọ mú, dojú bolẹ̀, ya ẹsẹ̀, fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀yìn ọrùn, má bọ́ àpò ẹ̀yìn. Èyí tó ń yọ́ tẹ̀lé yín, tàbí tó wọ àgọ́ lóru, ìyẹn yàtọ̀: ẹ fi gbogbo ohun tó bá wà lọ́wọ́ yín bá a jà.

Ọmọ Ṣàgámù
Ẹ lọ tó mẹ́rin, kí ẹ máa pariwo síra yín níbi tí igbó bá ti dí tàbí tí odò ń hó. Agogo kékeré tí àwọn kan ń so mọ́ àpò kò dún tó. Agolo náà, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò lóòrùn, ó lè bẹ́.