Láti ilé wa dé Atlanta, wákàtí mélòó ni?

Ọmọ Mopa: Ẹ̀yin ará ilé wa ní Kogi, ọ̀kun o. Àbúrò mi ń lọ sí Atlanta ní Amẹ́ríkà lóṣù tó ń bọ̀, kò wọ bàálù rí, èmi náà ò wọ̀ ọ́ rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ, ẹ bá wa sọ bó ṣe máa ń rí.

Akọ Egbe: Láti Lagos, bíi wákàtí méjìlá, ó lè jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ó tó kìlómítà 9,300. Àbọ̀ máa ń yá ju àlọ lọ.

Ìyá Dámi: Ẹ fi Atlanta sílẹ̀ ná. London lèmi lọ láti Abuja, bíi wákàtí mẹ́fà lásán ni ti bàálù yẹn. Ti mọ́tò ńkọ́? Ìdájí la kúrò ní Ìsánlú, a dé ìtòsí Obajana, tírélà sìmẹ́ǹtì dábùú ọ̀nà, gbogbo wa bọ́ sílẹ̀, àwọn tó ń ta gúgúrú dé, wọ́n tà á tán, wọ́n lọ sílé wọn, àwa ṣì wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú ká tó dé Gwagwalada, dírẹ́bà tún ní ibẹ̀ lòun máa já wa sí. Bí mo ṣe jókòó sínú bàálù báyìí, oorun gbé mi lọ. Sàhárà tí wọ́n ní à ń kọjá, mi ò rí iyanrìn kankan.

Ará Kabba: Tírélà yẹn! Èmi náà wà níbẹ̀ 😂 àbí ti ọjọ́ mìíràn ni?

Ìyá Dámi: Ọjọ́ wo ni kì í dábùú?

Ọmọ Mopa: Ẹ jọ̀ọ́, Atlanta ni mo bèèrè o

Jagun: Àbọ̀ ń yá torí pé ayé ń yí ni

Tíṣà Ponyan: Rárá o. Ìlà oòrùn layé ń yí sí. Tó bá jẹ́ torí ẹ̀ ni, Atlanta ni ì bá máa bọ̀ wá pàdé ẹ, àlọ ni ì bá yá. Atẹ́gùn ló fà á. Atẹ́gùn líle kan wà lókè réré tó ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, ó ń dojú kọ bàálù tó bá ń lọ, ó ń ti èyí tó ń bọ̀ wálé láti ẹ̀yìn.

Jagun: Tíṣà, ṣé ẹ ti wọ̀ ọ́ rí?

Tíṣà Ponyan: Ṣé o ti dé inú oòrùn rí kó o tó mọ̀ pé ó gbóná?

Bọ̀dé: 😂😂😂

Akọ Egbe: Òfurufú náà lè dí bí ọ̀nà o. Lọ́dún 2023 táwọn ológun gbàjọba ní orílẹ̀-èdè Niger, wọ́n ti ojú ọ̀run wọn pa, bàálù tó ń ti London bọ̀ wá ń yí po kó tó délé. A jókòó títí ìdí fi ń ro wá.

Ará Kabba: Ká ṣáà ní pápákọ̀ òfurufú tiwa ní Kabba

Ìyá Dámi: Ẹ kọ́kọ́ tún ọ̀nà Kabba sí Egbe ṣe ná! Báwo lèèyàn ṣe máa débẹ̀?

Bọ̀dé: Ẹ gba Òmùò wọ Àkúrẹ́, kẹ́ ẹ wọ bàálù lọ sí Lagos, kò tó wákàtí kan.

Ará Kabba: Bí wọn ò bá ti fagi lé e. Àwọn kan sọ fún wa lálẹ́ pé ó di ọ̀la.

Akọ Egbe: Ọmọ Mopa, sọ fún àbúrò ẹ kó má di ẹran gbígbẹ sínú ẹrù o, àwọn aṣọ́bodè á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọmọ Mopa: Ìyá wa ti dì í

Ìyá Dámi: Ẹ tú u! Kó gbé gàárì. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dá èmi dúró torí ẹja

Jagun: Ẹja London nìyẹn, Atlanta ń jẹ́ kó wọlé