Ẹgbẹ́ òṣèlú kékeré ní Arméníà: kí ló gbé e gòkè, kí ló sì já a bọ́?

Ọmọ Ìtòkú:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Àwa ọ̀dọ́ mélòó kan máa ń pàdé ní Pansẹ́kẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, nítorí ẹgbẹ́ òṣèlú kékeré tí a ń ṣe, tí kò tíì wọlé sí ipò kankan. Níbẹ̀ ni mo ti ròyìn Lusavor Hayastan fún wọn, ẹgbẹ́ tí Edmon Marukyan ṣe olórí rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí Arméníà Oníìmọ́lẹ̀. Òmìnira ẹnì kọ̀ọ̀kan àti ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú Yúróòpù ni ó ń polongo. Ní 2018, ó gba ìdá 6.4 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, ó sì rí ìjókòó 18 nínú ilé aṣòfin. Ní 2021, ìdá 1.2 péré ni ó rí, gbogbo ìjókòó náà sì bọ́. Kí ló fà á? Ẹ̀rù ń bà mí pé bí a bá tiẹ̀ gòkè, irú rẹ̀ lè bá wa.

Olùkọ́ Òbáńtókò:
Àbúrò, kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń dìbò níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ni wọ́n ń dìbò fún jákèjádò orílẹ̀-èdè, nínú ìbò 2018 àti ti 2021, ẹgbẹ́ tí ó bá sì kó ìdá 5 jọ ni ó ní ìpín tirẹ̀, nítorí náà ìbò díẹ̀ láti ìlú Gyumri àti díẹ̀ láti Yerevan, olú ìlú wọn, a máa para pọ̀ di ìjókòó. Níhìn-ín, ẹni tí ó bá ṣáájú ní àgbègbè kan ni ó ń kó o. Bí ẹ bá ní ìdá 6 ní gbogbo wọ́ọ̀dù Abẹ́òkúta, òfo ni ẹ mú bọ̀. Ṣùgbọ́n ìdá 5 náà ni ó tì wọ́n síta. Lẹ́yìn ogun ọjọ́ 44 tí wọ́n bá Azerbaijan jà ní ọdún 2020, ìbò 2021 di ìjà láàrin Nikol Pashinyan, olórí ìjọba nígbà náà, àti Robert Kocharyan, ààrẹ tẹ́lẹ̀rí, ẹni tí ẹ̀rù ọ̀kan bá sì ń bà a sá sọ́dọ̀ èkejì.

Àbẹ̀kẹ́ Aké:
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà ti wọ́ ṣáájú ìgbà yẹn. Ní 2017, inú àjọṣe ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà, tí wọ́n ń pè ní Yelk, ni Marukyan àti Pashinyan wà, ìjókòó 9 ni wọ́n sì jọ ní. Nígbà tí Pashinyan gbéra ní Gyumri lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2018, tí ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Yerevan kí Serzh Sargsyan má baà kúrò nípò ààrẹ bọ́ sípò olórí ìjọba, ẹgbẹ́ Marukyan kò bá a jáde ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi kíláàsì sílẹ̀, wọ́n kún ìgboro, Sargsyan sì kọ̀wé fipò sílẹ̀ lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹrin. Ìyípadà Àrán ni wọ́n ń pè é, nítorí pé wọ́ọ́rọ́wọ́ ni ó lọ. Ní oṣù Kejìlá, àwọn Pashinyan gba ohun tí ó lé ní ìdá 70. Àwọn ọ̀dọ́ tí ìwàásù Marukyan ìbá wọ̀ lọ́kàn ti rí ẹni tí ó bá wọn sùn sí títì.

Ọmọ Ìtòkú:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́ọ̀dù mẹ́sàn-án ni a ti pín ara wa sí, a kò sì ju ogójì lọ. Lọ́jọ́ Sátidé, n óò dábàá pé kí a fi mẹ́jọ sílẹ̀, kí gbogbo wa bá ipò káńsílọ̀ kan ṣoṣo lọ.