Ṣé síkáànì lè fi hàn pé iṣan gìgísẹ̀ ti já?

Olùkọ́ Ìṣirò (Ògbómọ̀ṣọ́):

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ ọdún 43 ni mí, mo sì máa ń bá àwọn ẹgbẹ́ mi gbá bọ́ọ̀lù ní àárọ̀ Sátidé ní pápá ilé-ìwé kan tí kò jìnnà sí Tákíè. Ọjọ́ 11 rèé tí mo fẹ́ sáré lé bọ́ọ̀lù kan tí mo gbọ́ ìró “pàù” lẹ́yìn ẹsẹ̀ òsì mi. Mo yíjú padà láti bá ẹni tó ta mí nípàá jà, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Ilé ìwòsàn tí mo kọ́kọ́ lọ ya X-ray fún mi, wọ́n ní eegun kankan kò ṣẹ́, pé ńṣe ni ọrùn ẹsẹ̀ mi kàn rọ́, wọ́n sì fún mi ní oògùn ìrora. Láti ìgbà náà ni ìyàwó mi ti ń fi òrí àti omi gbígbóná wọ́ ọ lálaalẹ́. Mò ń rìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mò ń tiro, ṣùgbọ́n n kò lè fi ẹsẹ̀ yẹn nìkan nàró lórí ọmọ ìka. Lánàá, dókítà mìíràn fún ẹran ẹ̀yìn ojúgun mi lọ́wọ́, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní kí n lọ ya síkáànì ẹsẹ̀ náà, bóyá iṣan gìgísẹ̀, ìyẹn okùn líle tó so ẹran ẹ̀yìn ojúgun mọ́ eegun gìgísẹ̀, ló já. Èyí tí mo mọ̀ ni èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aláboyún. Ṣé irú rẹ̀ lè rí iṣan, àbí kí n kúkú lọ wá owó MRI, ẹ̀rọ ńlá onímágínẹ́ẹ̀tì tó ń ya àwòrán inú ara?

Ayàwòrán-ara (Ògbómọ̀ṣọ́):

Ẹ pẹ̀lẹ́, Olùkọ́. Ẹ̀rọ kan náà ni, ìró tí etí kò lè gbọ́ ló fi ń ya àwòrán; ohun tí a ń dì mú tí a ń gbé kiri ara ni ó yàtọ̀. Ti aláboyún ń ríran jìn. Èyí tí a ó lò fún yín pẹrẹsẹ, ìró rẹ̀ sì ga ju ti aláboyún lọ dáadáa, torí pé bí ìró bá ṣe ga tó ni àwòrán ṣe ń mọ́ tó, bí kò tilẹ̀ lè wọnú lọ jìnnà. Jíjìn kọ́ ni ìṣòro wa níbí, nítorí abẹ́ awọ gan-an ni iṣan gìgísẹ̀ wà.

Wọn yóò ní kí ẹ dojú bolẹ̀, kí ẹsẹ̀ yín yọ jáde létí ibùsùn. Iṣan tó yè kooro máa ń hàn bí òwú tí àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn nà gbọọrọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún: fọ́nrán funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́nrán funfun, tí gbogbo rẹ̀ sì nípọn tó bíi mìlímítà 4 sí 6. Bí ó bá ti já, àwọn fọ́nrán náà yóò dúró lójijì, ibi dúdú yóò là wọ́n láàárín, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ àti omi ti kún ibẹ̀. Ibi tí ó sábà ń já jù ni nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 6 sókè eegun gìgísẹ̀, níbi tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí ni pé a lè mú ẹsẹ̀ náà, ká rọra máa tẹ̀ ẹ́ sókè ká tún máa nà án sílẹ̀, bí a ti ń wò ó lójú ẹ̀rọ. MRI tí à ń yà lójoojúmọ́ kì í fún wa láyè bẹ́ẹ̀, torí pé ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Bí iṣan bá já pátápátá, ẹ óò rí i tí orí méjèèjì ń jìnnà síra wọn tí wọ́n tún ń súnmọ́ra, a ó sì wọn àlàfo àárín wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ má lọ sí ibi tó jẹ́ pé oyún nìkan ni wọ́n ń wò. Bí ọwọ́ bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ báyìí, iṣan tí kò ṣe nǹkan kan yóò dúdú lójú ẹ̀rọ bí ẹni pé ó ti já; ó ti tàn mí rí nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ kan tún wà ní ẹ̀gbẹ́ inú, plantaris ni wọ́n ń pè é, tí kì í sábà bá a já. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò rí i tí kò já, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdajì iṣan gìgísẹ̀ ló já.

Ìyá Ìbejì (Ọ̀yọ́):

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí ìyàwó yín dáwọ́ òrí àti omi gbígbóná yẹn dúró lónìí. Bí bàbá àwọn ọmọ mi ti ṣe nìyẹn, ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n ń wọ́ ọ. Nígbà tí a ó fi ya síkáànì, orí iṣan méjèèjì ti sá jìnnà síra wọn, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe sì le ju bó ṣe yẹ lọ.

Dókítà Eegun:

Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Olùkọ́, dídákẹ́ tí dókítà yẹn dákẹ́ kì í ṣe lásán. Bí ènìyàn bá dojú bolẹ̀ tí a sì fún ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ lọ́wọ́, ó yẹ kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mira. Bí kò bá mira, ó ṣeé ṣe gan-an kí iṣan náà ti já. Pé ẹ ń rìn kò fi hàn pé kò já, nítorí àwọn iṣan mìíràn tó ń fa ọmọ ìka àti ọrùn ẹsẹ̀ ṣì lè na ẹsẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. X-ray ní tirẹ̀, eegun ló mọ̀.

Síkáànì yóò jẹ́ ká mọ ibi tó ti já àti bí àlàfo náà ṣe tó. Bí orí méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé nígbà tí a na ẹsẹ̀ sílẹ̀, a lè fi P.O.P. tàbí bàtà pàtàkì dì í ní nínà bẹ́ẹ̀ láìṣe iṣẹ́ abẹ. Bí wọn kò bá pàdé, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ lè wọ̀ ọ́. Ẹ fi owó MRI pamọ́ ná, àyàfi bí síkáànì bá fi wá sínú iyèméjì.

Ìbéèrè kan: ṣé ẹ lo ciprofloxacin, oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn, láìpẹ́ yìí, tàbí abẹ́rẹ́ steroid tí wọ́n fi ń dín wíwú kù? Àwọn méjèèjì lè sọ iṣan di ẹlẹgẹ́. Bí ẹsẹ̀ náà bá sì wú títí dé orúnkún, tàbí tí mímí ń nira fún yín, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́, ẹ lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ó má lọ jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì.

Olùkọ́ Ìṣirò:

Mo ti ya á láàárọ̀ yìí. Ó já pátápátá, sẹ̀ǹtímítà 4 sókè gìgísẹ̀. Àlàfo náà jẹ́ mìlímítà 14 bí ẹsẹ̀ bá dúró ní títọ́, ó sì dín sí 4 nígbà tí wọ́n nà án sílẹ̀. Ẹni tó yà á yí ojú ẹ̀rọ sí mi, èmi náà sì rí i tí ibi dúdú náà ń ṣí tó ń pa dé bí ẹnu ẹja. Wọ́n ti fi P.O.P. dì í, ọmọ ìka mi ń tọ́ka sílẹ̀.

Ní ti oògùn, Dókítà, mo lọ yẹ páálí èyí tí mo lò fún ibà jẹ̀funjẹ̀fun lóṣù tó kọjá wò. Ciprofloxacin ni.