Ìmí ni àbí imí? Lórí "ewì ìmíkan" àti háíkù àwọn tí iṣẹ́ ti sú

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín.

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ níbí bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, lórí orúkọ tó yẹ ká fún háíkù, ewì kúkúrú onílà mẹ́ta tó wá láti Japan, ní Yorùbá; mo sì fẹ́ dákẹ́. Àmọ́ nígbà tí ẹnì kan gbé "ewì ìmíkan" kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ háíkù, tí àwọn méjì sì ti ń kan sáárá sí i, mo ní ó tó. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo lẹ wò kí ẹ tó fi ìmí sọ ọmọ yìí?

Ẹ jẹ́ ká ti orí ohùn bẹ̀rẹ̀. Ìmí, ohùn ìsàlẹ̀ àti òkè, ni ohun tí à ń mí. Imí, ohùn àárín àti òkè, ẹ mọ ohun tó jẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀dá orúkọ náà ní àmì ohùn ti yanjú ìyẹn. Àmì ohùn wo? Ta ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? Òun fúnra rẹ̀ "ewi imikan" ló kọ nígbà tó ń gbé e kalẹ̀! Ẹni tó bá wù kó máa pe ewì tirẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò burú; èmi ò ní pe tèmi bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ dandan ni kí "mí" wọ inú orúkọ náà, èémí wà nílẹ̀ tí kò ní wàhálà kankan.

Ta ló tilẹ̀ sọ pé èémí la fi ń wọn háíkù? Ìró la fi ń wọ̀n ọ́n: 5, 7, 5, tó jẹ́ 17 lápapọ̀. Ìwọ̀n tí àwọn ará Japan ń kà yẹn, tí wọ́n ń pè ní on, sún mọ́ sílébù tiwa ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Tokyo, on mẹ́rin ni lẹ́nu wọn, nítorí fáwẹ̀lì gígùn ń jẹ́ méjì níbẹ̀, bí aago ṣe jẹ́ mẹ́ta lẹ́nu wa: a, a, go. N wọn tó bá dá dúró, odindi kan ni, bí ń àti ǹ tiwa. Nítorí náà, ó yà mí lẹ́nu pé àwa la tún ń ṣìkà. Àbúrò wa obìnrin kọ èyí nípa iṣẹ́ ọ́fíìsì:

Ẹ̀rọ mi dákẹ́;
iṣẹ́ òru ti wọmi.
Ọ̀gá ń pè mí.

Ọ̀gbẹ́ni kan fèsì pé ìlà kẹta kò pé, pé sílébù mẹ́rin ni, nítorí "ń kì í ṣe ọ̀rọ̀." Ta ló béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀? Ń ní ohùn tirẹ̀, ohun tó bá sì ti lè gbé ohùn dúró, sílébù ni. Ọ̀, gá, ń, pè, mí. Márùn-ún. Ọ̀gbẹ́ni náà ní kí ó fi "Inú ń bí mi o" rọ́pò rẹ̀. Ẹ kà á: mẹ́fà ni! Olùkọ́ tó kọ́ mi ní gírámà máa ń fi ìka lu tábìlì fún sílébù kọ̀ọ̀kan, ó sì máa ń lu ti ń kíkan ju ìyókù lọ, torí ó mọ̀ pé ibẹ̀ la ti máa ń ṣubú. Irú wọn ò wọ́pọ̀ mọ́. Kálukú ti di ọ̀gá ní kíláàsì tí kò jókòó sí.

Ibi tí mo ti gbà pé ọ̀rọ̀ wà ni ti ìpajẹ, ìyẹn kí fáwẹ̀lì kan pòórá níbi tí ọ̀rọ̀ méjì ti pàdé. Bí ẹnì kan bá kọ "di òfo," ṣé mẹ́ta la ó kà ni àbí méjì, nígbà tó jẹ́ pé dòfo ló wà lẹ́nu? Èmi ń ka ohun tí etí gbọ́. "Iṣẹ́ òru" kò ní ìṣòro yìí ní tirẹ̀, torí àrànmọ́, ìyẹn kí fáwẹ̀lì kan fara jọ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lè yí fáwẹ̀lì padà, kì í pa sílébù jẹ.

Ẹ̀wẹ̀, wọ́n ń pe irú ewì báyìí ní "háíkù ìjákulẹ̀." Ìjákulẹ̀ kẹ̀! Kí nǹkan tó já ni kulẹ̀, a ti gbọ́kàn lé e. Ìpàdé tí ìmeèlì kan ì bá parí, oníbàárà tó ní kí ayàwòrán "tún un ṣe díẹ̀ sí i" lẹ́yìn tó ti tún un ṣe títí, akọ̀wé tí ìlà àkọ́kọ́ kò jáde lọ́wọ́ rẹ̀: àgara nìyẹn. Ẹ wo gírámà rẹ̀ ná. Àgara dá mi. Ó sú mi. Inú bí mi. Nínú gbogbo wọn, èmi kọ́ ni olùwà, ẹni tó ń ṣe nǹkan. Àbọ̀ gbólóhùn ni mí, nǹkan ló ń ṣe mí. Ìyẹn sì bá háíkù mu rẹ́gí, torí háíkù tó dáa kì í sábà dárúkọ ohun tó ń ṣe akéwì. Nínú ewì òkè yẹn, kò sí àgara, kò sí ìbínú. Ẹ̀rọ dákẹ́, ọ̀gá ń pè. Ohun tó wà láàárín méjèèjì, òǹkàwé ni yóò fi kún un. Ohun tí "Inú ń bí mi o" ì bá bà jẹ́ gan-an nìyẹn, kódà ká ní sílébù rẹ̀ pé.

Ẹni tó ní ewì yẹn kò lè jẹ́ háíkù torí pé kò sí ọ̀rọ̀ àsìkò nínú rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí ìgbà kan nínú ọdún, òótọ́ ló wí. Kigo ni wọ́n ń pè é, háíkù ti àbáláyé kì í sì í sábà fi í sílẹ̀. Èyí tó ń fi ìwà ènìyàn ṣẹ̀fẹ̀, senryū ni, wọ́n fi orúkọ Karai Senryū (1718–1790) pè é, ẹni tó máa ń ṣa irú ewì bẹ́ẹ̀ jọ. Láti 1987 ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ní Japan ti ń ṣe ìdíje senryū fún àwọn tó ń gba owó oṣù, ọ̀gá àti iṣẹ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ dá lé. Nítorí náà, ẹ má fi "ìmí ẹ̀dùn" gbèjà ìmíkan fún mi. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ló ń mí ìmí ẹ̀dùn. Onísenryū ń rẹ́rìn-ín ni. Mo dábàá ewì àgara fún irú èyí, ká sì fi háíkù sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn tó ni ín pàápàá, gígé ni wọ́n gé e: akéwì wọn, Masaoka Shiki, ló sọ ọ́ di orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀, ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, láti ara haikai no ku, ìyẹn ẹsẹ ewì haikai, irú ewì àtijọ́ kan tiwọn.

Ó ku ti àkọtọ́. Alàgbà kan ní háíkú ni ká máa kọ, ohùn òkè ní ìparí. Mo ní ọ̀rọ̀ àyálò máa ń sábà fi ohùn ìsàlẹ̀ parí: fóònù, bọ́ọ̀lù, tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì la ti yá ìyẹn, pé Japan la ti yá èyí. Ta nínú wa ló gbọ́ ọ lẹ́nu ará Japan kí ó tó gbọ́ ọ lẹ́nu elédè Gẹ̀ẹ́sì? Wọn ò tíì fèsì. Mo ń retí wọn.