Wọ́n ní stem cell á mú iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun hù lẹ́sẹ̀ Bàbá wa. Ṣé ká ta ọkọ̀ wọn?

Ọmọ Apẹja, Pópó-Ọbà, Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ Bàbá mi ni mo gbé wá. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ní àtọ̀gbẹ. Egbò kan wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ọ̀tún tó kọ̀ tí kò jinná, ọmọ ìka kan sì ti ń dúdú. Dókítà mẹ́nu ba gígé ìka náà, ni Bàbá bá ní àwọn ò lọ síbẹ̀ mọ́.

Ibì kan lápá Lẹ́kí wá sọ fún wa pé àwọn á po stem cell (sẹ́ẹ̀lì tó lè di oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn nínú ara) mọ́ nǹkan bíi jẹ́lì, wọ́n á fi dí ojú egbò, iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun á sì hù. Owó tí wọ́n pè pọ̀ débi pé àfi ká ta ọkọ̀ ojú omi Bàbá pẹ̀lú ẹ̀ńjìnnì rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni iṣẹ́ yìí, àbí wọ́n fẹ́ lù wá ní jìbìtì? Wọ́n ń retí èsì wa lọ́sẹ̀ yìí.

Ìyá Ìbejì

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ẹ má tíì ta nǹkan kan. Ọlọ́run á wo Bàbá sàn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Láàbù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú wàhálà Bàbá. Ìmọ̀ yẹn kì í ṣe irọ́. Sẹ́ẹ̀lì tó bá jìnnà sí iṣan ẹ̀jẹ̀ ju nǹkan bí 0.2 mìlímítà lọ kì í rí ọ́síjìn tó. Ìdí nìyẹn tí ẹran ara tó nípọn tí wọ́n mú hù ní láàbù fi máa ń kú láti inú. Bí wọ́n bá sì da stem cell lásán sójú egbò, púpọ̀ nínú rẹ̀ á kú tàbí kó ṣàn lọ. Wọ́n wá ń tò ó sórí scaffold, tó dà bí igi tí à ń rì sẹ́bàá ebè kí ìtàkùn iṣu lè rí nǹkan gùn. Wọ́n lè fi kọ́lájìn, èròjà tó ń mú kí awọ ara lágbára, ṣe é, tàbí fibrin tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí chitosan tí wọ́n ń rí lára èèpo edé àti akàn. (Bẹ́ẹ̀ ni o, irú èèpo tí àwọn ìyá wa ń dà nù ní Ọjà Olúwo! Orí mi máa ń wú bí mo bá rántí rẹ̀.) Ihò wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀ tí iṣan á gbà wọlé, ó sì ń yòrò díẹ̀díẹ̀ bí ara ṣe ń fi tirẹ̀ rọ́pò. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe stem cell náà fúnra rẹ̀ ló ń di iṣan. Ó ń tú èròjà bíi VEGF jáde, èyí tó ń mú kí iṣan tó wà nítòsí yọ ẹ̀ka.

Àmọ́ lára eku àti ehoro ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ṣiṣẹ́. Ti ènìyàn ṣì wà nínú ìdánwò. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fọwọ́ sí Dermagraft ní 2001 fún egbò ẹsẹ̀ àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì awọ ara ló wà lórí àwọ̀n tiẹ̀, kì í ṣe stem cell. Symvess tí wọ́n fọwọ́ sí ní December 2024, òpó ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n mú hù lórí scaffold ni, ti àwọn tí òpó ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ wọn já nínú ìjàǹbá sì ni. Ìdánwò tó jẹ́ ojúlówó kì í sábà ní kí aláìsàn ta dúkìá rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ wọn hàn yín.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Àbúrò, ta ló ti wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dé ẹsẹ̀ Bàbá? Ìbéèrè tó kọ́kọ́ yẹ nìyẹn. Wọ́n á fi Doppler, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn, wọn ìfúnpá ní apá àti ní ọrùn ẹsẹ̀. Bí ẹ bá fi iye ti apá pín iye ti ẹsẹ̀, tí èsì rẹ̀ kò sì ju 0.9 lọ, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ti ń dí. Iṣan alátọ̀gbẹ máa ń le, ó sì lè mú kí iye náà tàn wá, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n ní ọmọ ìka pẹ̀lú. Bí òpó ńlá tó wà lókè bá ti dí, ibo ni ẹ̀jẹ̀ á gbà dé inú iṣan wẹ́wẹ́ tí wọ́n bá mú hù nísàlẹ̀? Oníṣẹ́ abẹ lè la òpó náà, ó sì lè ṣe ọ̀nà mìíràn fún ẹ̀jẹ̀.

Ìka tó ń dúdú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀la ni kẹ́ ẹ lọ sí General Hospital Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n kọ ìwé fún yín sí LASUTH, ọsibítù ńlá ti yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, ní Ìkẹjà. Kí Bàbá má fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀, ẹ má sì fi omi gbígbóná jó o, torí wọ́n lè má mọ̀ ọ́n lára.

Ọmọ Apẹja, Pópó-Ọbà, Ẹ̀pẹ́

Ẹ ṣé gan-an. Kò sẹ́ni tó wọn nǹkan kan lẹ́sẹ̀ wọn rí, títí kan àwọn ará Lẹ́kí yẹn. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ mú Bàbá kúrò nílé? Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọsibítù, wọ́n á yíjú sí ògiri.

Ìyá Ìbejì

Wọ́n gé ìka méjì lẹ́sẹ̀ ọkọ mi, wọ́n ṣì ń lọ sódò. Bàbá yín mọ̀ wọ́n dáadáa, odò kan náà ni wọ́n jọ ń ná. Wá mú ọkọ mi nílé wa lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, kí wọ́n wá bọ́ bàtà níwájú Bàbá kó fojú ara rẹ̀ rí i.

Ọmọ Apẹja, Pópó-Ọbà, Ẹ̀pẹ́

Mo ń bọ̀, mà. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ má wá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ kó gbogbo oògùn tí Bàbá ń lò dání, àti ìwé àyẹ̀wò ṣúgà wọn.