Orin wo lẹ máa ń gbé sétí tí ẹ bá ń kọ kóòdù?

ỌmọÀjàṣẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù tó kọjá ni mo kọ ètò kan fún ilé ìtajà oògùn kan níbí l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo), èyí tó máa ń ka iye oògùn tó kù lórí pẹpẹ. Ilé wa kò jìnnà sí ọjà Ouando, ẹ mọ bí ariwo ibẹ̀ ṣe rí. Mo ra casque ńlá tó bo gbogbo etí, mo kó àwọn àpàlà tí bàbá mi fẹ́ràn sínú fóònù, ó sì dùn mọ́ mi. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, mo dé ibi tí ètò náà ti máa yọ iye tí wọ́n tà kúrò nínú iye tó wà nílẹ̀. Orin ń lọ, ẹnu mi ń gbè é. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, onílé oògùn pè mí: "Ọ̀gbẹ́ni, bí mo ṣe ń tà ni ọjà ń pọ̀ sí i." Àmì àròpọ̀ ni mo tẹ̀ síbi tó yẹ kí àmì àyọkúrò wà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ka ìlà yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà tí n kò rí i. N kò fi orin tó ní ọ̀rọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀yin ńkọ́?

Alákétu_Kékeré
Tìrẹ ṣì dáa. Èmi gbé orin Ẹ̀fẹ̀, orin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, sétí, èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ nílé wa ní Kétu. Ẹni tó bá ń gbọ́ Ẹ̀fẹ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ máa kàn ló ń retí. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, mo ti tẹ "iya" síbi tó yẹ kí n tẹ "iye". Python, èdè tí mo fi ń kọ kóòdù, ní òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ iya.

Atúnfóònùṣe
Kò mọ ìyá? Kí ló wá mọ̀?

Ìdènà
Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde ní 2001 pé ogún gbogbo ayé ni, ìwọ lo gbé e sẹ́yìn Python! Àwọn ìyá tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń yẹ́ sí ló wá bẹ̀ ọ́ wò.

Mọ́ṣáláṣí_Ńlá
Orin Sagbohan Danialou ni kí ẹ gbé sí i. Ọmọ Àjàṣẹ́ wa ni.

Àdùkẹ́
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó gbọ́ Sagbohan kí ẹsẹ̀ yín má mì, kí n rí i.
Èmi, orin kọ́ ló kó bá mi o, casque ni. Ìyá mi ti ọjà dé, igbá gaàrí lórí, ó ń pè mí kí n wá sọ̀ ọ́. Ó pè, ó pè. N kò gbọ́. Ó fúnra rẹ̀ sọ igbá kalẹ̀, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń wò mí. Èmi ń mi orí. Ìgbà tí mo rí òjìji rẹ̀ lára ògiri ni mo yíjú. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Mo rò pé o ti jáde ni," ó sì lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Atúnfóònùṣe
Háà. Èyí wọ̀ mí lára.

Ìdènà
Bàbá mi gba tèmi lọ́wọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Wọ́n ní ẹni tí àgbà ń pè tí kò dáhùn, kì í ṣe iṣẹ́ ló ń ṣe.

ỌmọÀjàṣẹ́
Àdùkẹ́, báwo lẹ ṣe wá yanjú ẹ̀?

Àdùkẹ́
Iná. Tó bá ti ń wá mi, ó máa pa iná yàrá, ó tún tàn án, lẹ́ẹ̀mejì. Mo máa dìde lójú ẹsẹ̀, bí mo tilẹ̀ wà láàárín ìlà.

Òkè_Ṣábẹ̀ẹ́
Ẹ jẹ́ kí n padà sórí orin, torí ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn. Gbogbo wa ń sọ pé èdè tó yé wa ló ń dà wá láàmú. Ní 1976, àwọn olùwádìí méjì, Colle àti Welsh, ní kí àwọn kan há lẹ́tà sórí ní títẹ̀léra, wọ́n sì ń jẹ́ kí wọ́n gbọ́ èdè Jámánì tí kò yé wọn. Síbẹ̀, wọ́n ń ṣì í ju ìgbà tí ibẹ̀ dákẹ́ lọ. Ohùn èèyàn fúnra rẹ̀ ń dí nǹkan lọ́wọ́, bó yé ọ, bí kò yé ọ.

Alákétu_Kékeré
Ẹ̀gbọ́n, kóòdù kì í ṣe lẹ́tà àhásórí. Èmi ń rò ni, n kò há nǹkan.

Òkè_Ṣábẹ̀ẹ́
Àbúrò, orúkọ mẹ́fà tí o fi sọ́kàn kí o tó dé ìsàlẹ̀ function (abala kóòdù) yẹn ńkọ́? Kí lo pe ìyẹn?

Mọ́ṣáláṣí_Ńlá
Kí wọ́n gbọ́ orin Mozart, wọ́n ní ó ń mú ọpọlọ jí.

Òkè_Ṣábẹ̀ẹ́
Akẹ́kọ̀ọ́ 36 ni wọ́n fi dán ìyẹn wò ní 1993. Ìṣẹ́jú 10 ni wọ́n gbọ́ ọ, ohun tó ṣe fún wọn kò sì kọjá ìṣẹ́jú 10 sí 15. Kò tó láti fi wá bug (àṣìṣe inú kóòdù) kan.

Ìdènà
Ìlù nìkan ń kọ́, láìsí olórin?

Alákétu_Kékeré
Ìlù wo? Ìlù tiwa ń sọ̀rọ̀! Mo dán dùndún wò. Ó lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó gòkè lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ mi dúró lórí kíbọ́ọ̀dù. Ṣé "Àjàṣẹ́" ló ń wí ni, àbí "àlàyé", àbí "ọ̀jọ̀gbọ́n"? Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi ń túmọ̀ onílù. Àwọn òyìnbó lè gbé dùndún sétí kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ lọ. Àwa kò lè ṣe é.

Àdùkẹ́
Òótọ́ pọ́ńbélé.

Mọ́ṣáláṣí_Ńlá
Kí n sọ tèmi gan-an. Al-Kùránì ni mo máa ń gbé sí i lóru. Ọkàn mi máa ń balẹ̀.

Ìdènà
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Súrà 7, ẹsẹ 204: tí wọ́n bá ń ké e, ẹ tẹ́tí sí i, kí ẹ sì dákẹ́. Ṣé ẹ̀yìn kóòdù ló yẹ kó wà?

Mọ́ṣáláṣí_Ńlá
Àwọn àáfà kan ní orí ìrun ni ẹsẹ yẹn dá lé. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ, àbúrò. Mo ti fẹ́ bi àáfà wa tẹ́lẹ̀, màá bi wọ́n ní Jímọ̀ yìí.

Atúnfóònùṣe
Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ orin látorí íntánẹ́ẹ̀tì, ta ló ń san owó data yín? Orin lásán tó ń lọ ní 128 kbps (kílóbíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ó tó MB 58 ní wákàtí kan. Wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ẹ ti jẹ bíi MB 350. Tó bá tún ní àwòrán, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ máa tún un gbọ́.

Òkè_Ṣábẹ̀ẹ́
Òjò kò gba data. Mo fi fóònù gba òjò sílẹ̀ lábẹ́ páànù ilé wa, ogójì ìṣẹ́jú. Òun ni mo fi ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yẹn. Kò ní ọ̀rọ̀, kò ní ìlù. Ìṣòro kan ló wà nínú ẹ̀: tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kó parí, obìnrin kan nílé kejì ń kígbe pé kí wọ́n kó aṣọ wọlé. Ó ti mọ́ mi lára.

ỌmọÀjàṣẹ́
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́. Iṣẹ́ ilé oògùn yẹn kò tíì parí.

Òkè_Ṣábẹ̀ẹ́
Ó ti wọlé sórí fóònù rẹ.

ỌmọÀjàṣẹ́
Mo ti fi òjò yẹn ṣiṣẹ́ lóru yìí, n kò ṣi àmì kankan tẹ̀, ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin yẹn kígbe, mo ti dé ìdí okùn aṣọ kí n tó rántí pé oòrùn ló ń ràn l'Ájàṣẹ́.

Àdùkẹ́
Lóru, oòrùn?

ỌmọÀjàṣẹ́
Ilẹ̀ ti mọ́, àbúrò. N kò mọ̀ ni.