Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹsẹ̀ rìn káàkiri Ifẹ̀, ẹ bá wa sọ tiyín

Ìyá Ìbejì, Ìlódè:

Ifẹ̀ ni wọ́n bí mi sí o, àmọ́ n kò wọ inú ọgbà Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn rí. Ẹ̀gbẹ́ ọgbà ni mo máa ń gbà kọjá. Oṣù tó kọjá ni àbúrò ọkọ mi obìnrin wá láti Ìlọrin, Adúmáadán ni mo máa ń pè wọ́n. Wọ́n ní kí n mú àwọn wo ìlú. Kí n má baà sọ ìsọkúsọ, mo bẹ bàbá kan ládùúgbò wa tó máa ń mú àlejò rìn. Bàbá ní ẹsẹ̀ la máa fi rìn, pé ẹni tó bá gun ọ̀kadà kò ní rí nǹkan kan. Èmi sì wọ bàtà gogoro! Ká tó dé Ẹnuwá, mo ti bọ́ ọ sọ́wọ́.

Ọ̀pá yẹn ga tó mítà márùn-ún ààbọ̀. Òkúta ni, ìṣó irin sì wà lára rẹ̀. Bàbá ní Ọ̀rànmíyàn ti sọ pé bí ogun bá dé, kí wọ́n pe òun. Lọ́jọ́ ọdún kan, wọ́n pè é láìsí ogun. Ó jáde, ó ń pa àwọn èèyàn ara rẹ̀ kó tó mọ̀. Bó ṣe fi ọ̀pá gúnlẹ̀ nìyẹn, tó sì wọlẹ̀ lọ.

Àmọ́ àpáàdì ló mú mi. Nígbà tí a wà ní kékeré, ẹ̀yìn ilé kan wà tí a ti máa ń ṣe súwè. Àpáàdì tó yọ etí síta níbẹ̀ ti bó orúnkún wa tán. Ibẹ̀ gan-an ni Bàbá dúró sí! Ó ní wọn kò da àpáàdì yẹn nù síbẹ̀, ńṣe ni wọ́n tò ó ní ìnàró, ọ̀kan ti èkejì, tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀. Ọọ̀ni Lúwo, tó jẹ́ obìnrin, ni ìtàn sọ pé ó ní kí wọ́n ṣe é, nítorí ẹrẹ̀ ń ba aṣọ rẹ̀ jẹ́. (Èmi náà mọ ẹrẹ̀ Ifẹ̀.) Adúmáadán ti yọ ọ̀kan sínú báàgì. Bàbá rí wọn. Kò sọ̀rọ̀, ó na ọwọ́, ó gbà á, ó dá a padà sójú ihò rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀.

Bíríkìlà, Mọ̀òrè:

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun. Tèmi ò gùn. Ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́ ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938 tí àwọn orí idẹ fi jáde. Ọ̀kan ṣì wà ní London dòní. Ní 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tún gbẹ́lẹ̀ ní Ìta Yemòó, idẹ tún jáde. Nítorí náà, bí ọkọ́ mi bá ti ró gbin, mo máa ń dúró. Onílé kan bínú sí mi lọ́dún tó kọjá, ó ní mò ń fi àkókò òun ṣòfò, pé kí n da kọnkéré lé e. Àpáàdì títò ni o. N kò dà á. Ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ó gbé e fún ẹlòmíì.

Agùnbánirọ̀ láti Àkúrẹ́:

Èmi wá wo ère Mọrèmi tí wọ́n ṣí lọ́dún 2016. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 42, ọrùn dùn mí. Mo wá ní dandan, mo gbọ́dọ̀ rí odò Ẹsìnmìrìn tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún, tó fi wá fi Olúorogbo ọmọ rẹ̀ san án. Ní ọkàn mi, odò náà á tó Ọ̀ṣun. Mo rìn títí, mo tẹ omi díẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín koríko, mo bínú pé bàtà mi ti rẹ. Mo bi ọmọ kan pé níbo ni Ẹsìnmìrìn wà. Ó wo ẹsẹ̀ mi. "Àǹtí, inú ẹ̀ lẹ dúró sí."